Ohùn Àwẹ̀ró Lẹ́nu Àṣá

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fà mọ́ mi. Kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn sún síwájú, kí ẹni tí iṣu rẹ̀ wà nínú iná lọ yọ ọ́ kó má baà jóná, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ògúnṣọlá, ará Ìdí-Àyìn, mo ti bá ẹfọ̀n fojú kojú, mo ti sùn lórí igi nígbà tí ẹkùn ń ṣọ́ mi nísàlẹ̀, mo sì ti pàdé iwin tó ní kí n bá òun di irun òun. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrìn àjò tí mo rìn nítorí ẹyẹ kan tí kò ju ẹyẹlé lọ. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ṣé ẹ rí ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, tó ń ṣa ẹ̀wà bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ? Àwẹ̀ró nìyẹn, ìyá Ayọ̀ká, aya mi. Aláró ni. Nígbà tí mo mú un wá fi han ìyá mi, tí ìyá mi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, ó fà mí lọ sẹ́yìn ilé, ó ní, "Ọdẹ́rìndé, ṣé ọwọ́ yìí ni yóò máa fi ro ọkà fún mi?" Mo ní, "Ìyá mi, ọwọ́ ló dúdú, inú rẹ̀ funfun." N kò purọ́. Ohun tí n kò sọ fún ìyá mi ni pé ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ ìfárí lọ, n kò sì sọ ọ́ nítorí pé ẹnu yẹn gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ ẹ.

Oko wa nígbà náà wà ní gbangba lẹ́yìn odò, níbi tí kò sí igi ńlá kankan, àfi kùkùté, àfi òkìtì ọ̀gán, àti ebè tó tò lọ títí dé ibi tí ojú ti ń pin. Bí a bá ti kórè ọkà bàbà tán, tí ọyẹ́ bá dé, àwọn àṣá kéékèèké á ya wọ oko. Nígbà náà èmi àti Àwẹ̀ró á jókòó sábẹ́ abà lọ́sàn-án, a ó máa wo ọ̀nà jíjìn, a ó sì máa figagbága: ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹyẹ ni yóò pe orúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì ṣì í pè ni yóò lọ pọn omi lódò.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo àṣá, ẹ kò tíì lajú. Àwòdì, ìrù rẹ̀ là bí ẹ̀ka igi, á máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó ń tukọ̀, ibi tí èéfín bá sì ti rú ló ń lọ, nítorí ó mọ̀ pé tata tó ń sá fún iná, oúnjẹ ti dé nìyẹn. Òmíràn wà tó sanra díẹ̀, tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, tí ilà dúdú kan ṣoṣo gba àárín rẹ̀ wálẹ̀. Orí ẹ̀ka gbígbẹ ni ìyẹn ń jókòó sí, á máa ṣọ́ alángbá, kò ní kánjú. Òmíràn funfun bí òwú, èjìká rẹ̀ dúdú, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ata. Èyí tó kéré jù nínú wọn ní àwọ̀ ìkòkò amọ̀. Òun ló máa ń dúró sójú kan lófuurufú, á máa fẹ́ apá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á tẹjú mọ́ ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi okùn so ó rọ̀ láti ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀ lọ́nà jíjìn, kó má wo àwọ̀, nítorí oòrùn a máa purọ́. Kó wo bí ó ṣe jókòó, kó sì wo bí ó ṣe dìde.

Bí mo ti mọ̀ ọ́n tó yìí, Àwẹ̀ró kì í gbà fún mi. Bí mo bá ní, "Àwòdì ni," á ní, "Bàbá Ayọ̀ká, ẹ lọ bọ́jú yín. Àwòdì wo ló ń jókòó báyìí bí ọba?" Ìgbà tó bá sì jàre, tí mo gbé kèrègbè, ẹ̀rín rẹ̀ ni yóò sìn mí lọ sódò, òun náà ni yóò sìn mí bọ̀. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nítorí ẹ̀rín yẹn, mo lè pọn odò náà gbẹ.

Wàyí o, ẹ mọ àṣà àwọn obìnrin wa. Bí adìyẹ bá pamọ, wọn a rẹ àwọn òròmọdìyẹ sínú aró kí àṣá má baà dá wọn mọ̀. Àwẹ̀ró tó jẹ́ aláró, tirẹ̀ kọjá ààlà. Òròmọdìyẹ tirẹ̀ a máa dán bí aṣọ etù tuntun nínú oòrùn, ìyá wọn fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ sá fún wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àṣá kékeré aláwọ̀ ìkòkò dé sókè àgbàlá wa, ó dúró sójú kan, ó wò títí, kò rí adìyẹ, aró ló rí. Inú Àwẹ̀ró dùn. Ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní, "Olójú kòkòrò! Ṣé o rí adìyẹ níbí? Ebi ni yóò pa ọ́ sùn lónìí. Lọ sọ fún ìyá rẹ pé Àwẹ̀ró ló rán ọ lọ!"

Èèwọ̀ ìlú wa ni. Ẹyẹ tó bá dúró sójú kan lófuurufú, a kì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó di okùn rẹ̀ mú lókè. Àwẹ̀ró mọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ kì í wo èèwọ̀. Kí n tó sọ pé, "Ìyá Ayọ̀ká, ó tó," àṣá náà ti pa apá dé, ó já bọ̀ bí òkò. A rò pé òròmọdìyẹ ló ń bọ̀ wá gbé. Kò wò wọ́n. Ẹnu Àwẹ̀ró ló gbà kọjá, ìyẹ́ rẹ̀ ra ètè rẹ̀ fẹ́ẹ́, ó sì gòkè padà. Àwẹ̀ró la ẹnu kó kígbe "Àṣá o!" Ẹnu là, ohùn kò jáde. Kò jáde lọ́jọ́ náà, kò jáde lọ́jọ́ kejì, àgbo kò ràn án, ata kò ràn án.

Ilé wa dákẹ́. Mo ń jí láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ní kí n bọ́jú kí n tó jẹun. Mo ń gbé ẹran wọlé, kò sẹ́ni tó bi mí pé ṣé mo tilẹ̀ ṣẹ́ ọ̀kan kù sínú igbó fún àwọn ọdẹ yòókù. Ó ń rìn, ó ń dáná, ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, tí a jókòó sábẹ́ abà, tí ẹyẹ bà sórí kùkùté, á yí ojú sápá kan, omi á sì máa dà lójú rẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gidigidi. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ máa ń jókòó sídìí ẹmu tí ẹ ó máa ní ẹnu ìyàwó yín ti pọ̀ jù, ẹ dákẹ́ kí n bá yín wí. Ẹni tó bá ní ẹni tí ń bá a jiyàn nínú ilé, ó ní ènìyàn. Èmi ti gbé ilé tí kò sí iyàn nínú rẹ̀ rí, n kò gbàdúrà rẹ̀ fún ọ̀tá mi.

Nígbà tó yá, lọ́sàn-án kan, mo gbọ́ ẹ̀rín lókè. Ẹ̀rín Àwẹ̀ró ni! Mo gbójú sókè, àṣá aláwọ̀ ìkòkò náà ló dúró lófuurufú tó ń fi ohùn ìyàwó mi rín mi. Bí mo ti dìde, ó fò síwájú, ó tún dúró. Mo mú ìbọn ṣakabùlà mi, mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo ju iṣu sísun sínú rẹ̀. Àwẹ̀ró sìn mí dé etí oko. Ó na ìka sí ojú mi, ó na ìka sí ẹyẹ, ó wá fọwọ́ gbá mi láyà. Mo mọ ohun tó ń sọ: kí n wò ó dáadáa, kí n sì padà wá. Mo ní, "Bí n kò bá mú un bọ̀, kí n máa pọn omi títí ayé." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè ṣe é.

Ẹyẹ náà mú mi la oko àwọn ará Ìdí-Àyìn kọjá, ó mú mi wọ igbó kìjikìji kan níbi tí igi ti ń mí, tí ewé ń kí ara wọn kú ọ̀sán. Òkè ni mo ń wò, n kò mọ̀ pé mo ti fẹ́ tẹ iwin kan mọ́lẹ̀, tó kúrú bí odó, tí kò ní ojú lórí, àfi lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ó kígbe, ó ní, "Ọdẹ, ṣé o fẹ́ fọ́ mi lójú ni? Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nílé yín nìyẹn?" Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ má bínú, baba. Ohùn ìyàwó mi ni mo ń wá kiri." Bí mo ti dọ̀bálẹ̀, ojú mi àti ojú rẹ̀ ṣe gẹ́lẹ́, inú rẹ̀ sì rọ̀. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti wà níbí, ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi tó wò mí lójú. Máa lọ, ṣùgbọ́n ṣọ́ra o. Ibi gbangba ni ibi tí ò ń lọ. Ọdẹ tó mọ igbó bí ẹni mowó, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọnù." Mo dúpẹ́, mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bí mo ti jáde nínú igbó ni mo bọ́ sí Ọ̀dàn Gbangba-Dẹkùn. Yéè! Ebè lọ láti ẹsẹ̀ mi títí tó fi kan ìsàlẹ̀ ọ̀run, kò sí igi, kò sí koríko tó ga ju kókósẹ̀ lọ. Àwọn iwin ń roko níbẹ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn sí, òjìji ẹyẹ ni wọ́n sì ń gbìn sínú ebè, èyí tó bá hù á fò lọ. Ọdẹ tí kò rí igi fara pamọ́ sí, ìhòòhò ló wà. Àṣá tí mo ń tẹ̀ lé ti dà pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lókè, n kò rí i mọ́. Mo wá kùkùté kan, mo jókòó lé e.

Kùkùté náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ènìyàn, ara rẹ gbóná. Ó ti pẹ́ tí ara gbígbóná ti kàn mí."

Mo fò sókè.

Ó ní, "Má sá, jókòó. Ọdẹ bíi tìrẹ ni mí tẹ́lẹ̀. Àṣá gbé ẹ̀rín ọmọ mi, mo wá a wá síbí. Ọlọ́dàn tó ni ibí ní kí n yan ẹyẹ kan ṣoṣo. Ojú mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ṣebí ojú ọdẹ ni. Mo yàn, mo ṣì í yàn, ẹsẹ̀ mi sì ta gbòǹgbò."

Mo bi í pé, "Baba, kí ni kí èmi wá gbẹ́kẹ̀ lé?"

Ó ní, "Ohun tí mo ti ń rò láti ìgbà náà nìyẹn."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí ilẹ̀ fi mì. Ebè tó tóbi jù lọ dìde dúró, ó gbọn ara, ó di àgbàlagbà. Irùngbọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọkà bàbà tó ti gbó, èékánná rẹ̀ rí bíi ti idì, ojú rẹ̀ sì yí kòròbòtò. Ọlọ́dàn nìyẹn, baba gbogbo ẹyẹ tó ń fi èékánná jẹun. Mo dojú bolẹ̀.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, kí ni àwọn ọmọ mi fi ṣe yín?"

Mo ní, "Kábíyèsí, wọ́n gbé ohùn ìyàwó mi lọ."

"Kí ni ìyàwó rẹ fi ṣe wọ́n?"

Mo tún dojú mọ́lẹ̀.

Ó ní, "Ó rẹ oúnjẹ wọn láró. Ìyẹn ò dùn mí, ẹni tó ní nǹkan ló ń ṣọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n ọmọ mi dúró lókè pẹ̀lú ebi nínú, ìyàwó rẹ sì fi ebi rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Ọmọ mi wá gbé ohun tí kò ṣeé rẹ láró."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ gba èyí lọ́wọ́ mi: bí ebi bá mú olè wá sílé yín, ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má yọjú lójú fèrèsé kẹ́ ẹ máa fi ọbẹ̀ hàn án.

Mo gbé ìbọn mi sílẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́dàn súfèé, ọ̀run ṣú fún ẹyẹ, àwọn àṣá kéékèèké sì bà sílẹ̀, orí ebè kọ̀ọ̀kan, ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ yọ̀, mo ní iṣẹ́ mi rèé, iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ìgbà èwe. Mo wá wò wọ́n dáadáa. Gbogbo wọn ni wọ́n ti rẹ láró! Funfun kò sí mọ́, àwọ̀ ìkòkò kò sí mọ́, ilà ọ̀fun ti parẹ́, gbogbo wọn dúdú bákan náà bí òròmọdìyẹ Àwẹ̀ró.

Ọlọ́dàn ní, "Ohun tí ìyàwó rẹ fi tan ọmọ mi ni mo fi tàn ọ́. Wọn kò ní dìde, wọn kò ní mira. O kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n, o kò sì gbọdọ̀ bi wọ́n léèrè ohunkóhun. Na ìka sí ọ̀kan. Bó bá jẹ́ òun, máa mú un lọ. Bí kì í bá ṣe òun, kùkùté yìí ti ń wá ẹnì kejì."

Mo wò títí omi fi ń dà lójú mi. N kò lè wo àwọ̀, wọn kò sì dìde kí n wo ìdìde wọn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn jókòó bákan náà. Ọ̀kan wà níwájú tí ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìka mi ti ń na lọ sí i. Mo wá rántí ọwọ́ tí Àwẹ̀ró fi gbá mi láyà, mo sì rò ó pé, Ọdẹ́rìndé, ìgbà wo ni ojú rẹ ti jàre rí níwájú obìnrin yìí? Ìgbà wo lo sì pe ẹyẹ lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ó gbà fún ọ? Mo fa ìka mi sẹ́yìn. Mo jókòó sórí kùkùté bí ẹni tó wà lábẹ́ abà rẹ̀, mo yọ iṣu sísun, mo bù ú jẹ, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé aya mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo ní, "Ìyá Ayọ̀ká, mo ti rí wọn. Àwòdì ni gbogbo wọn."

Ẹyẹ kankan kò mira.

Mo ní, "Àbí àdàbà ni? Àdàbà ni, jàre."

Mo gbọ́ ìró ìyẹ́ níbì kan, fẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń di ara rẹ̀ mú.

Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Rárá o! Mo ti wá mọ̀ ọ́n. Lékeléke ni wọ́n! Lékeléke tó ń wá màlúù kiri ni gbogbo wọn, ẹni tó bá sọ pé wọn kì í ṣe lékeléke, kò mọ ẹyẹ!"

"Lékeléke kẹ̀!" Ohùn náà bú jáde láti ẹ̀gbẹ́ òsì, lórí ebè kékeré kan tí n kò tilẹ̀ kà kún. "Lékeléke dà? Bàbá Ayọ̀ká, ojú yín ti bàjẹ́ pátápátá! Lékeléke tó dúdú bí ìdí ìkòkò, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀? Ẹ gbé kèrègbè, ẹ gba odò lọ, ẹ má dúró!"

Mo na ìka. Ẹkún ń gbọ̀n mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́dàn wò mí, ó wo ẹyẹ, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí ọkà bàbà fi ń já bọ́ ní irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Mo ní kí o má bi wọ́n léèrè, o kò sì bi wọ́n. Mú un lọ. Sọ fún ìyàwó rẹ pé kó máa rẹ adìyẹ rẹ̀ láró, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìpamọ, kó fi ọ̀kan sílẹ̀ láìrẹ. Bí ọmọ mi bá sì dúró lókè ilé rẹ̀, kó kí i pé ó kú iṣẹ́."

Mo bẹ̀bẹ̀ fún kùkùté náà. Kùkùté fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró. Ó ní, "Ọdẹ, má ṣèyọnu. Orí mi ni àwọn ẹyẹ yìí ń bà lé. Ìgbà mìíràn, ọ̀kan nínú wọn a máa fi ẹ̀rín ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa gbọ́ ọ?" Mo fọwọ́ pa á lórí, mo sì kọjá lọ.

Inú àpò ọdẹ ni mo gbé ẹyẹ náà sí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ó ṣe bú mi láti Ọ̀dàn Gbangba-Dẹkùn dé Ìdí-Àyìn! "Ẹ rọra, ẹ ń gbọ̀n mí bí ẹni ń ku èlùbọ́." "Ọ̀nà kọ́ nìyẹn, ọwọ́ ọ̀tún ni." "Iṣu wo lẹ tún jẹ síbí, tí gbogbo àpò ń rùn fún èéfín?" Iwin olójú orúnkún gbọ́ wa bí a ti ń kọjá, ó ní, "Ọdẹ, ó jọ pé o ti rí i." Mo ní, "Baba, mo ti rí i." Kò sí orin tí mo gbọ́ rí tó dùn tó èébú yẹn.

Etí oko tí mo fi Àwẹ̀ró sí náà ni mo bá a. Mo ṣí àpò. Àṣá náà fò jáde, ó gba ẹnu rẹ̀ kọjá, ìyẹ́ rẹ̀ ra ètè rẹ̀ fẹ́ẹ́, ó sì gòkè, ó dúró sójú kan, ó ń wò wá. Àwẹ̀ró fọwọ́ mú ọ̀fun. Ó wúkọ́. Èmi ń retí kó ní, "Olówó orí mi, ẹ ṣeun." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Lékeléke, Bàbá Ayọ̀ká?"

Ó wá dì mọ́ mi, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nujú tán, ó gbójú sókè, ó ní, "Àṣá, o kú iṣẹ́ o." Ẹyẹ náà pa apá dé, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi sì gbé kèrègbè, mo lọ pọn omi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ohun tí mo ní fún yín kò pọ̀. Ẹ máa wo ẹyẹ, ẹ sì máa kí i. Ẹ má fi ebi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì ní ẹni tí kì í gbà fún yín nílé, ẹ máa bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ojú mi ti di bàìbàì báyìí. Ẹyẹ tó bá wà lórí kùkùté, n kò rí i mọ́, àfi kí n rí nǹkan kan tó ṣókùnkùn. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n bi ìyá arúgbó yìí léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Ayọ̀ká! Èyí tó bà sórí ọgbà lọ́hùn-ún yẹn, ṣé kì í ṣe àwòdì?

"Àwòdì wo? Bùbá Ayọ̀ká tí wọ́n sá ni! Bàbá Ayọ̀ká, kí ló ń ṣe yín? Ẹ gbé kèrègbè!"

Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Èmi ni mo bá wọn sá bùbá yẹn láàárọ̀. Ẹ yàgò fún mi, kí n lọ pọn omi. N kò rí ọ̀nà odò mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ ni yóò sìn mí lọ, òun náà ni yóò sìn mí bọ̀.